Náílọ́ọ̀nù Tí Kò Ní Àkọlé: Bí Mo Ṣe Po Èròjà Adìẹ Mi ní Kabba

Okun o, ẹ̀yin ará.

Náílọ́ọ̀nù funfun ni ọkùnrin tó ta ìyẹ̀fun èròjà tí wọ́n ń fi kún oúnjẹ adìẹ fún mi di í sí, kílò kan géérégé. Ó so ó lẹ́nu bí ìgbà tí èèyàn bá so iyọ̀, ó ní, "Bùrọ̀dá, ṣíbí mẹ́ta sínú báàgì oúnjẹ kan, ó ti tó." Ìyẹ̀fun náà ní àwọ̀ eérú tó fẹ́ẹ́ ya ewé. Kò rùn. Bí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́ tó ti pẹ́ nílé, mi ò rò pé ìyá mi yóò mọ ìyàtọ̀. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ọjọ́, kò sí ohunkóhun.

Adìẹ ẹlẹ́yin bí 200 ni mo ń sìn lẹ́yìn ilé wa. Nígbà tí owó oúnjẹ àpòtà kọjá agbára mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó fúnra mi: àgbàdo, sóyà sísun, eérí àlìkámà, egungun lílọ̀, òkúta ẹfun, àti pirímíìsì, ìyẹn fítámì àti irin díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n ti pò pọ̀ fún adìẹ. Ṣùgbọ́n èèpo ẹyin wọn ń rọ̀, ó ń fọ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹnì kan ló sọ fún mi pé àwọn irin kan tí wọ́n ń pè ní síǹkì àti mánganíìsì wà lára ohun tí adìẹ fi ń mọ èèpo ẹyin, kí n lọ ra èyí tí wọ́n ń pè ní chelated, pé ara adìẹ máa ń gbà á ju ti àtijọ́ lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, fáànù ń fẹ́, mo tú ẹnu náílọ́ọ̀nù, mo ki ọwọ́ lásán bọ̀ ọ́. Kí n tó bu ẹ̀kúnwọ́ kejì, eruku rẹ̀ ti bò mí lójú. Ojú mi ń ta bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i, imú mi ń hó, ẹnu mi ń ṣe bí ìgbà tí ọmọdé bá ń la kọ́bọ̀ ayé àtijọ́. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ọwọ́ kan náà tí mo fi bu ìyẹ̀fun. Ẹ fojú inú wò ó. Ìyá mi ló fà mí lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù, tó ń fi kọ́ọ̀bù da omi sí mi lójú títí. Ikọ́ bá mi sùn mọ́jú.

Bí mo ṣe wá mọ̀ pé oúnjẹ lásán kọ́ nìyẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì mo lọ bá ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò tó ka ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níhìn-ín ní Kabba. Mo gbé náílọ́ọ̀nù lé e lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ tú u. Ó ní, "Àkọlé báàgì tí wọ́n ti bù ú ńkọ́?" Mo ní kò sí. Ó ní kí n padà lọ ya fọ́tò rẹ̀ wá kó tó bá mi sọ ohunkóhun.

Ọkùnrin ọlọ́jà kọ́kọ́ jànpata, ó ní ta ló ń ka ìyẹn. Nígbà tó yá ó fa báàgì ńlá náà jáde lábẹ́ káńtà, mo sì fi fóònù ya gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmì mẹ́ta wà lára báàgì yẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi hàn mí rí. Ọ̀kan jẹ́ àmì ìyanu dúdú nínú ìgun mẹ́rin tó ní etí pupa. Èkejì jẹ́ àwòrán àyà èèyàn tí nǹkan bí ìràwọ̀ fọ́ sí lára. Ẹ̀kẹta jẹ́ ẹja tó kú lẹ́bàá igi tó gbẹ. Ẹ̀gbọ́n túmọ̀ wọn fún mi: ti àkọ́kọ́, ó lè ta ojú àti awọ ara, ti ìkejì, ó lè ba inú ara jẹ́ bí èèyàn bá ń fà á símú fún ìgbà pípẹ́, ti ìkẹta, ẹ má dà á sódò. Ó ní gbogbo irú ọjà báyìí ló ní ìwé ààbò tirẹ̀ tó ní abala 16, pé kí n béèrè fún un. Mo rí i gbà lórí fóònù, mo sì ka abala kẹrin, tó ń sọ ìtọ́jú ojú-ẹsẹ̀, ìkẹfà lórí ohun tó bá dà sílẹ̀, ìkeje lórí ìtọ́jú rẹ̀, àti ìkẹjọ lórí ohun tí èèyàn yóò wọ̀. Àwọn yòókù, mo fojú fò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ chelated yẹn, láti inú èdè Gíríìkì ló ti wá, ó túmọ̀ sí èékánná akàn. Wọ́n fi ásídì amínò, ìyẹn èròjà tí ara fi ń kọ́ purotéènì, di irin bíi síǹkì, mánganíìsì àti bàbà (copper) mú bí akàn ṣe ń di nǹkan mú, kó má baà lẹ̀ mọ́ ohun mìíràn nínú ìfun. Ohun tí èmi ò mọ̀ ni pé akàn náà di irin mú ni, kò pa á. Bàbà ṣì ni bàbà, síǹkì ṣì ni síǹkì. Mánganíìsì tí àwọn tó ń jó irin àti àwọn awakùsà ń fà símú fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń ba ọpọlọ jẹ́, wọ́n á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ wọn á máa wọ́. Ọ̀sán kan ò lè ṣe mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń po oúnjẹ.

Sẹlẹ́níọ̀mù, èròjà tí ara ń lò ní díẹ̀ kíún, tún wà níbẹ̀. Ìwọ̀n tó yẹ àti ìwọ̀n tó ń pa ò jìnnà síra wọn rárá. Ní Amẹ́ríkà, 0.3 mílígíráàmù nínú kílò oúnjẹ kan ni èyí tó pọ̀ jù tí òfin gbà kí wọ́n fi kún un. Ẹ̀gbọ́n bi mí bóyá mo ti ń fi pirímíìsì sí oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní pirímíìsì yẹn ti ní sẹlẹ́níọ̀mù àti bàbà tirẹ̀ nínú, pé bí mo bá da chelated lé e, ìlọ́po ni mo ń ṣe. Mo fi pirímíìsì ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, mo ra èyí tó jẹ́ fítámì nìkan.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ti àgùntàn. Ìyá mi ní mẹ́ta tí wọ́n máa ń rìn kiri, èyí tó dà sílẹ̀ nídìí adìẹ sì ni ìpápánu wọn. Ara adìẹ lè fara da bàbà dáadáa, ti àgùntàn ò lè fara dà á. Nínú òfin ilẹ̀ Yúróòpù, oúnjẹ adìẹ lè ní bàbà tó tó 25 mílígíráàmù nínú kílò kan. Ti àgùntàn ò gbọdọ̀ ju 15 lọ. Ẹ̀dọ̀ àgùntàn ló ń kó o pa mọ́, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, ẹran á máa jẹ, á máa sanra. Lọ́jọ́ tí ẹ̀dọ̀ bá tú u sínú ẹ̀jẹ̀, ojú ẹran á di pupa rúsúrúsú, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú bí omi sobo, kò sì ní pẹ́ kú. Ẹnu àwọn èèyàn á wá máa yà pé ta ló fi oògùn sí i. Ewúrẹ́ le jù ú lọ níbi èyí. Kí n tó tún fọwọ́ kan ìyẹ̀fun náà, igi àti wáyà ni mo fi yí ilé adìẹ ká.

Ìṣirò wá kù. Lára báàgì, 500 gíráàmù ni wọ́n ní kí a fi sí tọ́ọ̀nù oúnjẹ kan. Báàgì oúnjẹ mi jẹ́ 50 kílò, nítorí náà 25 gíráàmù ló tọ́ sí i. Mo gbé ṣíbí ọbẹ̀ ìyá mi, mo bu ìyẹ̀fun kún un, mo fi í sórí síkéèlì kékeré: 17 gíráàmù. Ṣíbí mẹ́ta, 51. Ìlọ́po méjì àti díẹ̀ ni ọkùnrin yẹn ń fún gbogbo wa.

500 kílò ni mo fẹ́ pò lọ́jọ́ náà, nítorí náà 250 gíráàmù ni mo wọ̀n. Òwúrọ̀ kùtù ni, kí atẹ́gùn tó le, níta gbangba, mo dúró síbi tí atẹ́gùn ń gbà wá. Mo wọ ẹ̀wù alápá gígùn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, awò tó bo ojú yíká, àti ìbòmú N95. Èyí aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń wọ̀ nígbà Kòrónà ò lè dá eruku wẹ́wẹ́ dúró. Irùngbọ̀n mi ò jẹ́ kí ìbòmú lẹ̀ mọ́ mi lójú, ni mo bá fá a. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní dókítà.

Mo kọ́kọ́ po epo pupa díẹ̀ mọ́ kílò àgbàdo lílọ̀ kan nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí eruku má lè fò. Mo rọra da 250 gíráàmù náà sí i. Mi ò dà á láti òkè. Nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba, mo fi àgbàdo kílò márùn-ún sí i, mo tún pò ó. Lẹ́yìn náà, 25 kílò. Nígbà tí ìyẹn dọ́gba ni mo tó fọ́n ọn sórí gbogbo yòókù lórí tapólìn, tí èmi àti àbúrò mi fi ṣọ́bìrì yí i padà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Bí èèyàn bá da ìyẹ̀fun kékeré sórí òkìtì ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, adìẹ kan á jẹ májèlé, ìkejì ò ní rí nǹkan kan.

Díẹ̀ dà sílẹ̀ nídìí síkéèlì. Àbúrò mi ti gbé ìgbálẹ̀, mo pariwo. Aṣọ tútù la fi nù ún, a sì so aṣọ náà sínú náílọ́ọ̀nù. Gọ́tà wa tààrà sínú odò lẹ́yìn ilé ló ń lọ. A fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹ̀kọ, mo sì ya aṣọ iṣẹ́ sọ́tọ̀ láti fọ̀. Nígbà yìí, kò sí ojú tó ta, kò sí ikọ́.

Èyí tó kù wà nínú agolo oníderí, nítorí tí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, á dì. Mo gbé e sórí pákó, mo tìlẹ̀kùn. Mo fi máká kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí mo rà á, àti "25 gíráàmù sí báàgì kan" sí i lára. Mo fi ṣẹ̀lótéèpù lẹ fọ́tò àkọlé náà mọ́ ọn, tí mo tẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ìyá mi ń wá ṣíbí rẹ̀ láti fi ro ọbẹ̀. Mo ti fi ìṣó gbóná dá ihò sí i láàárín, kí ẹnikẹ́ni má baà fi se oúnjẹ mọ́. Ó gbé e sókè, ó ń wò mí láti ojú ihò náà, ó ní kí n lọ rà á padà lọ́jà ọ̀la, kí n má gbàgbé.