Kíkọ Etí Ikún sí Ọlọ́run: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàrin Àwa Ará Ilé

Bí wọ́n bá ń wàásù nípa etí dídi nípa ti ẹ̀mí ní Iléṣà, ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ni ọkàn wa máa ń sá lọ: ọmọ tó ń mu igbó lẹ́yìn páàkì, àbúrò tó ní òun ò ṣe ẹ̀sìn mọ́, aládùúgbò tí kì í jí gbàdúrà. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì bí àwọn yòókù. Àwọn tí Bíbélì bá wí jù lọ nítorí etí wọn kì í ṣe kèfèrí. Àìsáyà 42:19 ń béèrè pé, ta ni afọ́jú bí kò ṣe ìránṣẹ́ Olúwa, ta ni adití bí ońṣẹ́ tí òun fúnra Rẹ̀ rán? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rán Àìsáyà ní orí 6, pé wọn yóò gbọ́ gbọ́ gbọ́, kò sì ní yé wọn, inú Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la ti tún bá a, Pọ́ọ̀lù náà sì sọ ọ́ fún àwọn aṣáájú Júù ní Róòmù ní Ìṣe 28. Àwọn tó mọ Ìwé Mímọ́ sórí ni wọ́n ń bá wí. Òwe ajá tí yóò sọnù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíràn la máa ń fi ṣe ajá náà.

(Kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé: ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹni tí etí ara rẹ̀ kò gbọ́ràn. Léfítíkù 19:14 ti ní kí á má ṣe bú adití. Ẹni tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ lè gbọ́ ti Ọlọ́run ju olórí akọrin lọ.)

Kí á ti pinnu tán kí á tó ní kí wọ́n bá wa gbàdúrà

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì ṣòro jù láti dá mọ̀, nítorí ó jọ ìgbọràn. Ẹ lọ ka Jeremáyà 42. Bábílónì ti fọ́ Jerúsálẹ́mù, wọ́n ti pa Gẹdaláyà tí wọ́n fi ṣe olórí ilẹ̀ náà, ẹ̀rù sì ń ba àwọn tó ṣẹ́ kù. Jòhánánì ọmọ Káréà kó wọn sẹ́yìn, wọ́n wá bá Jeremáyà: bá wa béèrè lọ́wọ́ Olúwa, ìbáà dára, ìbáà burú, ohun tó bá ní kí á ṣe la ó ṣe. Wọ́n tilẹ̀ fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí. Ó tó ọjọ́ 10 kí èsì tó dé: ẹ jókòó sí ilẹ̀ yìí, ẹ má lọ sí Íjíbítì. Ìdáhùn wọn ni pé, "Irọ́ lò ń pa." Wọ́n di ẹrù, wọ́n kọjá sí Íjíbítì, wọ́n sì kó wòlíì náà lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń fò ni ìparí orí 41. Kí wọ́n tó lọ bẹ Jeremáyà rárá ni wọ́n ti lọ dúró sí ẹ̀bá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Bíbélì sì sọ ìdí rẹ̀: Íjíbítì ni wọ́n ń lọ. Ọ̀nà ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n ń béèrè ọ̀nà.

Ọkùnrin kan dìde ní ìpàdé àdúrà ọjọ́rú wa, ó ní kí á bá òun béèrè bóyá kí òun ta ilẹ̀ kan tó jẹ́ ti bàbá wọn. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé àwọn àbúrò rẹ gbọ́ sí i?" Ó wo ilẹ̀, ó wo fóònù rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣáà bá mi gbàdúrà, Mà." A gbàdúrà, a pariwo dáadáa. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé àsansílẹ̀ owó ilẹ̀ náà ti wọ àpò rẹ̀ kí ó tó dìde sọ̀rọ̀ rárá. Ní tèmi o, ìbéèrè Mà yẹn ni ìdáhùn Ọlọ́run, ó sì dé kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ti gbowó, má pe ohun tí o fẹ́ ní wíwá ojú Olúwa. Sọ fún Un pé o ti ṣe é. Ó kéré tán, òótọ́ nìyẹn.

Kí á máa ti ọ̀dọ̀ wòlíì kan bọ́ sí òmíràn

Wòlíì kò wọ́n ní Iléṣà. Bí ti àdúgbò rẹ bá ní kí o má fẹ́ ọmọbìnrin yẹn, wàá rí èyí tí yóò ní kí o lọ ra òrùka. Áhábù ọba Ísírẹ́lì ní irínwó nínú irú wọn, gbogbo wọn ní kó gòkè lọ sí Rámótì-Gílíádì, ogun á ṣẹ́. Nígbà tí Jèhóṣáfátì ọba Júdà bi í pé ṣé kò sí wòlíì Olúwa mìíràn, ó ní ó ku ẹnì kan, Mikáyà, ṣùgbọ́n òun kórìíra rẹ̀ torí kì í sọ rere nípa òun. Ẹ wò ó: Áhábù mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wà. Ó tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ni. Ó gbọ́ ọ tán, ó ju Mikáyà sẹ́wọ̀n, ó pa ara dà kí ọ̀tá má baà mọ̀ ọ́n lójú ogun; ọfà tí wọ́n kàn ta lásán ló bá a láàrin ìhámọ́ra rẹ̀. 1 Ọba 22 ni.

"Ìwàásù yẹn dùn o!"

Ní Ìsíkíẹ́lì 33, Ọlọ́run sọ fún wòlíì pé àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ògiri àti lẹ́nu ọ̀nà ilé, wọ́n ń pe ara wọn kí wọ́n jọ wá gbọ́ ọ, ó dà bí olóhùn iyọ̀ létí wọn. Wọn kì í sì í ṣe é. Ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi gan-an nìyẹn. Ẹni tí kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìsìnkú ìyá wọn ló ń fi ìwàásù ìdáríjì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ lórí WhatsApp. Bí ìwàásù bá ti dùn jù, béèrè lọ́wọ́ ara rẹ ta ló bá wí.

Kí á fi ọrẹ dípò

Ọlọ́run ní kí Sọ́ọ̀lù pa gbogbo ohun tí Ámálékì ní run; ó dá àwọn àgùntàn tó sanra sí, ó ní ẹbọ ni òun fẹ́ fi wọ́n rú. Sámúẹ́lì bi í pé igbe àgùntàn wo ni òun ń gbọ́ yìí? Ìgbọràn sàn ju ẹbọ lọ. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ lórí ohun tí Bíbélì ti sọ kedere, kí ó ka Òwe 28:9, tó ní ìríra ni àdúrà ẹni tó di etí sí òfin, kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí á rò pé bí Ó ṣe ń pè, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pè

Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ òṣómàáló, oníṣòwò tó ń tajà láwìn: ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kì í tètè dìde, kì í tètè bínú lọ. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni Jeremáyà 7:25 ròyìn, pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò ní Íjíbítì ni Olúwa ti ń dìde ní kùtùkùtù lójoojúmọ́ láti rán wòlíì sí wọn. Àwọn kan wá fi sùúrù yẹn ṣe ìsinmi. Ṣùgbọ́n Sekaráyà 7 sọ bí ó ṣe parí: wọ́n di etí wọn, wọ́n sọ ọkàn wọn di òkúta tó le jù, bí Ó sì ti pè tí wọn kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè tí Òun náà kò gbọ́. Òṣómàáló náà máa ń dìde lọ.

Kí á máa retí ohùn bí ti Babalola

Ní 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ tí Joseph Ayọ̀ Babalola fi ń tẹ títì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gbọ́ ohùn tó pe orúkọ rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ní July 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ nípasẹ̀ rẹ̀ ní Òkè-Oòyè, níbí ní Iléṣà. Ọ̀pọ̀ ń lọ sí Ìkéjì-Arákéjì títí di òní láti gbàdúrà níbi tí a ti pè é, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni kí á máa fi ìtàn náà dúró de àrá, kí á má ka ohun tó ti wà ní kíkọ sí. Owó iṣẹ́ bíríkìlà tí o kò tíì san láti ìgbà tí o ti wọ ilé tuntun, Jákọ́bù 5:4 ti sọ̀rọ̀ lé e. Pè é lórí fóònù kí o tó wọ mọ́tò Ìkéjì.