Lúkúlúkú: Omi Tí Ẹ Fi Ń Po Àjẹsára Ló Ń Ba Iṣẹ́ Jẹ́

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní Àkúrẹ́ báyìí, ariwo lúkúlúkú, àrùn adìyẹ tí wọ́n ń pè ní Newcastle, náà ló máa ń tẹ̀ lé e. Adìyẹ á máa sín, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ á ní àwọ̀ ewé tútù, ọrùn á lọ́, kó tó kú. Ohun tí àwọn tó ni wọ́n sì máa ń sọ fún wa kì í yàtọ̀: "A mà ti fún wọn ní àjẹsára." Lóòótọ́ lẹ fún wọn. Àjẹsára ọ̀hún ti kú sínú omi kí adìyẹ tó mu ún ni.

Fáírọ́ọ̀sì tó wà láàyè ni La Sota, àjẹsára lúkúlúkú tí ẹ ń po mọ́ omi, èyí tí kò lágbára láti pa adìyẹ. Ó gbọ́dọ̀ wà láàyè títí yóò fi kan àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bo inú imú àti ọ̀nà èémí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ni ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè. Irun tíntìntín wà lórí wọn tó ń gbá eruku àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ síta. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ inú ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì náà á tú èròjà tí wọ́n ń pè ní interferon jáde, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbọ́, wọn á múra, àwọn ọmọ ogun ara á sì dìde. Awọ inú ẹyin adìyẹ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Isaacs àti Lindenmann lò nígbà tí wọ́n rí interferon ní London ní 1957. Ẹ má sì máa fi pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò ṣe àfiwé: RIG-I, ọ̀kan lára ohun tí sẹ́ẹ̀lì pẹ́pẹ́yẹ fi ń dá fáírọ́ọ̀sì mọ̀, kò sí lára adìyẹ rárá.

Òkú àjẹsára kò lè ta sẹ́ẹ̀lì kankan jí. Láti Vom lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjẹsára, ni wọ́n ti ń fi yìnyín gbé e wá, ẹ wá dà á sínú omi ẹ̀rọ tó ní kilorínì, nínú bàsíà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀!

Omi kànga tàbí omi òjò tó mọ́ ni kí ẹ lò, nínú ike, kì í ṣe páànù. Fún adìyẹ 200 tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lítà omi 4. Kọ́kọ́ po gíráàmù 10 mílíkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ sí i, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó da La Sota sí i. Ẹ ti gba omi lẹ́nu wọn láti wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú, ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n lè mu ún tán láàrin wákàtí méjì. Láti ọjọ́ tó ṣáájú títí di ọjọ́ kejì rẹ̀, ẹ má fi oògùn apakòkòrò kankan sí omi wọn. Inú kúlà oníyìnyín ni kí ẹ fi gbé àjẹsára bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe inú àpò ṣòkòtò.

Ẹni tó ní adìyẹ ìbílẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìnkùlé kò nílò wàhálà omi. Ẹ béèrè I-2, àjẹsára lúkúlúkú mìíràn tí a ń kán sójú, èyí tó ń fara da ooru. Ẹ̀kán kan ṣoṣo sí ojú kan. Ẹ di orí adìyẹ náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ẹ̀kán yẹn yóò fi tàn ká ẹyinjú, tí adìyẹ á sì ṣẹ́jú; bí ó bá dà nù, ẹ kán òmíràn. Lóṣù mẹ́rin-mẹ́rin ni kí ẹ máa tún un ṣe.

Bí òórùn ìgbẹ́ bá ń ta yín lójú nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ wọ ilé adìyẹ, irun tíntìntín ọ̀nà èémí wọn ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ kó ìgbẹ́ náà lónìí.

Àjẹsára kò lè wo adìyẹ tó ti ń lọ́ ọrùn. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló máa ń gbà kí ara tó gba agbára. Tẹtirasáíkílìnì kò sì pa fáírọ́ọ̀sì. Ìkà gbáà ni kí èèyàn kó aláìsàn adìyẹ lọ sí Ọjà Ọba, kó máa tà á fún ọmọ ẹlòmíràn tó fẹ́ sìn ín. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ pe dókítà ẹran, èyí tó bá kú, ẹ sin ín jìn, kí ajá má baà hú u.