Bí ẹni tó kàwé okòwò ṣe lè wọlé másítà ìmọ̀ kọ̀ǹpútà

Bí ẹ bá kàwé Accounting, Business Admin tàbí Banking and Finance ní Unilorin, KWASU ní Màlété tàbí Al-Hikmah, tí ọkàn yín wá ń fà sí másítà ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, àwọn kan á sọ fún yín pé ó ti bọ́. Kò tíì bọ́. Ètò tó gba irú yín ni kò pọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ dá a mọ̀ kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù kankan.

Ẹ wá ètò tó gba irú yín

Ọ̀pọ̀ másítà ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, àwọn tó ti kọ́ ọ láti oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn kan wà ṣá tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹni tó ti ẹ̀ka mìíràn wá. Conversion ni wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kan ló sì sábà máa ń gbà. Birmingham, Bristol àti Newcastle ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, ẹ wo MCIT ti University of Pennsylvania àti Align ti Northeastern University.

Jámánì ló ń tan àwọn èèyàn jù. Wọ́n á gbọ́ pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ibẹ̀ kì í gba owó ilé-ìwé, wọ́n á sáré kọ̀wé, láìmọ̀ pé iye ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó wà nínú oyè àkọ́kọ́ ẹni ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà. Bí kò bá pé, First Class pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ ranni lọ́wọ́. Ẹ̀yin tó ti ní ọkọ tàbí aya, ẹ gbọ́ tiyín náà: láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, ẹni tó bá lọ ṣe irú másítà yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi físà akẹ́kọ̀ọ́ kó ìdílé dání mọ́.

Bí owó ìlú òyìnbó ò bá sí, PGD (Postgraduate Diploma) nílé kì í ṣe àbùkù. Ẹni tó gba HND ní Kwara Poly tàbí Poly Ọ̀fà, ibẹ̀ ló sábà máa ń gbà kó tó dé másítà ní yunifásítì wa.

Ẹ tú transcript yín wò

Ẹ fi bírò fàlà sábẹ́ Business Mathematics, Statistics, MIS àti Operations Research. Operations Research tí gbogbo kíláàsì ń sá fún yẹn ló níye lórí jù. Bí a ṣe ń pín pákó àti wákàtí káfíńtà sí àga àti tábìlì kí èrè lè pọ̀, ìṣirò tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà náà ń ṣe ni.

Ohun tí ẹ ò ní ni discrete mathematics, linear algebra, data structures àti algorithms. CS50, kọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà ti Harvard, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó máa mú yín láti èdè kọ̀ǹpútà C dé Python àti SQL, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ni. Lójú tèmi, kọ́ọ̀sì ìṣirò kan tí yunifásítì fún yín ní máàkì lé lórí sàn ju sátífíkéètì mẹ́wàá tí wọ́n ń fún gbogbo ẹni tó bá ti wo fídíò tán.

Ẹ kọ áàpù kan tó ń ṣiṣẹ́

Ẹ má kọ calculator, gbogbo ayé ló ti kọ ọ́. Inú okòwò tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ ti mú nǹkan. Ẹ wo alájọ ojúmọ́ ní Ọjà Ìpàtà: káàdì kan fún oníbàárà kan, àyè kan fún ọjọ́ kan, owó ọjọ́ àkọ́kọ́ sì ni èrè alájọ. Ó jọ ohun tí èèyàn lè kọ tán láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ìyá Rìsíkà méjì ló ń ta ata lórí ìlà kan náà, orúkọ ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Ọ̀kan nínú wọn ò ní fóònù, ti ọmọ rẹ̀ ló ń lò, ọmọ náà sì ń dá àjọ tirẹ̀. Ó di dandan kí káàdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá lọ bí alájọ ṣe tẹ bọ́tìnnì, ó tún un tẹ̀: ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni ₦500 yẹn wọlé àbí ẹ̀ẹ̀mejì? Bí ìyá kan bá sì gba owó rẹ̀ lọ́jọ́ kejìlá oṣù, báwo la ṣe máa ṣírò èrè alájọ? Ẹni tó bá yanjú nǹkan wọ̀nyí, tó kó kóòdù rẹ̀ sí GitHub, ibi tí wọ́n ń kó kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àlàyé ṣókí, ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìwé àlàyé yín (statement of purpose). “Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn kọ̀ǹpútà” ti sú àwọn tó ń kà á. Ẹ má sì tọrọ àforíjì pé okòwò lẹ kọ́. Ẹni tó kọ́ kọ̀ǹpútà nìkan lè má mọ̀ pé Ìyá Rìsíkà méjì wà.

Ẹ lọ bá olùkọ́ yín

Ní ti lẹ́tà ìjẹ́rìí (reference), olùkọ́ tó kọ́ yín ní Statistics, tàbí tó bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá yín, sàn ju HOD tí kò dá yín mọ̀. Ẹ má fi WhatsApp tọrọ lẹ́tà ní aago mọ́kànlá òru. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn, ẹ mú CV, transcript àti ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa kásẹ̀ nílẹ̀ dání: “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi ni mo ṣe project lábẹ́ yín lórí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Mo wá bẹ̀ yín fún lẹ́tà ni, sà.” Ilé-ìwé ló máa fi ìjápọ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì wọn, ó sì lè wọ inú spam, nítorí náà ẹ rọra rán wọn létí.

Àwọn ìwé yòókù

Ẹ béèrè transcript láti oṣù mélòó kan ṣáájú, ó máa ń pẹ́. Ọ̀pọ̀ ètò ò béèrè ìdánwò GRE mọ́. Bí tiyín bá béèrè, ọdún márùn-ún ni èsì rẹ̀ ń lò, ti IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ọdún méjì. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba Gẹ̀ẹ́sì WAEC, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó ìdánwò. Bí ẹ bá lọ ṣe fọ́ọ̀mù ní káfè ní Tàǹkẹ́, ímeèlì tiyín ni kí ẹ lò. Àwọn oníkáfè kan a máa fi ti ara wọn ṣí i, lẹ́tà ìgbaniwọlé á wá dé ọwọ́ wọn.

Chevening, ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ (scholarship) ti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń sanwó másítà ọdún kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí iṣẹ́ 2,800 ni wọ́n ń béèrè, bí iṣẹ́ ọdún méjì. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ lọ, owó tó máa fi hàn fún físà gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 léraléra. Bó bá lọ sílẹ̀ ju iye tí wọ́n dá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kíkà ọjọ́ 28 náà tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.