Bí A Ṣe Ń Ra Ẹ́ńjìnnì Dísù Tí Wọ́n Tún Ṣe fún Típà, Kí Owó Má Baà Wọgbó

Láàárín àwa tí típà wa ń kó yanrìn ní etí ọ̀sà ní Bàyẹ̀kú àti Ìjẹdẹ̀, ní Ìkòròdú níbí, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí rèé: ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ á nọ́ọ̀kì, ẹni tó ni ọkọ̀ á sáré lọ sí Owódé Onírin tàbí Ládípọ̀, á rí ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n ti kùn lọ́dà tó ń dán yinrin, wọ́n á tàn án níwájú rẹ̀, á gbọ́ ohùn rẹ̀, á sì ka owó lé wọn lọ́wọ́. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọkọ̀ náà ti tún dákú sójú ọ̀nà Ṣágámù pẹ̀lú ẹrù yanrìn lẹ́yìn. Mo ti bá wọn fa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wálé ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, mo sì ṣàkíyèsí pé ibi kan náà ni gbogbo wọn ti ṣìnà: ọ̀dà ni wọ́n rà, wọn kò ṣí abẹ́ ẹ́ńjìnnì wò.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ fi fóònù ya àwòrán nọ́ńbà àti pátákó irin kékeré tó wà lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́, nítorí orúkọ nìkan kò tó. Ẹ́ńjìnnì WD615 tó wà nínú típà Howo jẹ́ onísílíńdà mẹ́fà tí àyè inú sílíńdà rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ lítà 9.726, ṣùgbọ́n èyí tó ní agbára ẹṣin 336 wà, èyí tó ní 371 náà sì wà, bí wọ́n sì ṣe to pọ́m̀pù dísù wọn kò rí bákan náà.

Ẹ tún gbọdọ̀ mọ̀ pé ohun mẹ́ta ni wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ kan. Àkọ́kọ́ ni tòkunbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, tí wọ́n kàn fọ̀. Èkejì ni èyí tí wọ́n pààrọ̀ ríǹgì àti mẹ́tàlì rẹ̀ (ìyẹn bẹ́ríǹ pẹlẹbẹ tí kráńkì ń yí nínú rẹ̀), tí wọ́n sì fi gbogbo ohun yòókù sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n tú palẹ̀ títí ó fi ku bílọ́ọ̀kù nìkan, tí wọ́n wọn gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, tí wọ́n gé kráńkì (ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) kí ojú rẹ̀ lè dán, tí wọ́n pààrọ̀ sílíìfù (irin oníhò tí písítìnì ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀), tí wọ́n sì dán tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, wò bóyá ó sán. Èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ló yẹ kí ẹ san owó ẹ́ńjìnnì àtúnṣe lé lórí. Ẹ má ṣe bi ọlọ́jà pé ṣé ó dára, nítorí kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò dára. Ẹ ní kí ó sọ ìwọ̀n tí wọ́n gé kráńkì dé fún yín. Ẹni tó tún un ṣe lóòótọ́ á ti kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ lọ ní kùtùkùtù, kí ẹ má sì pè wọ́n tẹ́lẹ̀. Mo máa ń dé ibẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì máa ń ṣe ni láti fi àtẹ́lẹwọ́ kan bílọ́ọ̀kù. Bí ó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ti tàn án kí ẹ tó dé, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ti rẹ̀ máa ń tètè gbéra bí ara rẹ̀ bá ti gbóná. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀ lọ́la. Ẹ fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde: bí ọ́ìlì bá ki bí oyin, ariwo kan wà tí wọ́n fẹ́ fi bò. Nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí ìdérí ojú ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ gbé e lé ihò náà láìlọ́ ọ pa. Bí atẹ́gùn bá ta á dànù, ríǹgì kò dì mọ́. Èéfín búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì, dúdú túmọ̀ sí pé dísù pọ̀ jù tàbí atẹ́gùn kò tó, funfun tí kò sì lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná lè jẹ́ omi tó ń wọ inú sílíńdà tàbí dísù tí kò jó.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń parí àyẹ̀wò wọn, tí wọ́n sì ń sanwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ẹ́ńjìnnì lè gbéra dáadáa, kí ohùn rẹ̀ tutù, kí èéfín rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ kí ó má lè gbé ẹrù gun òkè kan ṣoṣo. Ẹ ní kí wọ́n tú sọ́m̀pù, ìyẹn abọ́ ọ́ìlì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo máa ń gbé gáskẹ́ẹ̀tì sọ́m̀pù tuntun dání láti ilé, kí ọlọ́jà má baà rí ìdí láti kọ̀, mo sì máa ń sanwó iṣẹ́ ọmọ tó bá tú u. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ máa lọ.

Bí sọ́m̀pù bá ti sọ̀, ẹ tú ìdérí kọnrọ́ọ̀dù kan (irin tó so písítìnì mọ́ kráńkì) àti ti kráńkì kan, àwọn tí ẹ̀yin fúnra yín bá yàn, kì í ṣe èyí tí ọlọ́jà bá nawọ́ sí. Ẹ yọ mẹ́tàlì inú wọn, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ ni STD (ìyẹn ti kráńkì tí wọn kò gé), tàbí 0.25, tàbí 0.50 (ìwọ̀n mìlímítà tí wọ́n gé kúrò), ó sì gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà nínú ìwé ọlọ́jà mu. Bí ìwé bá sọ pé wọ́n gé kráńkì, tí ẹ̀yìn mẹ́tàlì sì ń sọ STD, ọ̀kan nínú wọn ń purọ́. Ojú mẹ́tàlì tuntun máa ń rí bí eérú. Bí àwọ̀ bàbà bá ti ń yọjú lábẹ́ rẹ̀, ó ti jẹ. Ẹ fi èékánná wọ́ ojú kráńkì náà lọ ní ìbú. Bí èékánná bá kọ́, wọn kò gé e.

Mo ti bá agolo mílíìkì tí wọ́n gé pẹlẹbẹ lẹ́yìn mẹ́tàlì rí, nínú ẹ́ńjìnnì tí ohùn rẹ̀ dùn ju ti ọkọ̀ tèmi lọ. Wọ́n fi dí àlàfo kí ó má baà nọ́ọ̀kì lójú oníbàárà. Agolo yẹn kò ní pẹ́ kó tó yọ́ kúrò níbẹ̀, ihò ọ́ìlì á sì dí. Bí ẹ bá ń dá àwọn ìdérí náà padà, tọ́ọ̀kì sípánà ni kí wọ́n fi dì wọ́n. Bí wọn kò bá ní i, ẹ yá ti mẹkáníìkì yín lọ.

Fún tọ́ọ̀pù sílíńdà, ilé iṣẹ́ tó ń fi atẹ́gùn dán an wò ló dára jù. Bí ó bá wà nílẹ̀ ní títú, tí kò sì sí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí, ẹ fi kẹrosíìnì pa ojú rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi ẹfun lílọ̀ wọ́n ọn, pàápàá láàárín ojú fáàfù. Kẹrosíìnì tó ti wọ inú ibi tó sán á yọ ìlà tútù sójú ẹfun náà.

Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí wọ́n fi dúró fún un, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ bí ẹ bá fi ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yín ṣe apá kan owó náà, nítorí bí bílọ́ọ̀kù ti àtijọ́ náà bá sán, wọ́n á ní kí ẹ fi owó kún un. Nọ́ńbà tuntun náà gbọ́dọ̀ wọ inú pátíkúlà ọkọ̀ kí ọlọ́pàá tó bi yín.

Kí wọ́n tó gbé e wọlé, ẹ wá ohun tó pa ti àtijọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kó ṣì wà nínú ọkọ̀ náà. Tiwa níbí, yanrìn ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fi aṣọ funfun nu inú rọ́bà atẹ́gùn lẹ́yìn fíltà. Bí aṣọ bá dọ̀tí, rọ́bà náà ti ya níbì kan. Ẹ má ṣe lo kúlà ọ́ìlì àtijọ́, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó, èérún irin á kù sínú rẹ̀.

Gbígbé e wọlé kò le, mẹkáníìkì yín mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má tan án ní gbígbẹ. Mo máa ń fi ẹ̀rọ ìfúnko tuntun tí kò tíì rí oògùn rí ti ọ́ìlì wọ inú rẹ̀ láti ojú ihò tí wáyà géèjì ọ́ìlì ń wọ̀. Bí ẹ kò bá ní i, ẹ dá dísù dúró, kí ẹ máa fi kíìkì sítátà yí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún yí i, títí géèjì á fi gbéra.

Ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa hó láti àárọ̀ dalẹ́ lórúkọ pé ẹ ń fi kọ́ ọ, ríǹgì tuntun kì í jókòó bẹ́ẹ̀; ìdajì ẹrù yanrìn ni kí ó máa gbé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 500 kìlómítà ni mo máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fi ohun tí a fi ń ṣí agolo ya fíltà náà, kì í ṣe ayùn irin, kí èérún ayùn má baà da yín rú, kí ẹ sì na pépà inú rẹ̀ sínú oòrùn. Òòfà inú sípíkà tó ti bàjẹ́ á kó irin, ṣùgbọ́n kì í kó mẹ́tàlì, ojú yín ni ẹ máa fi wá ìyẹn. Bí ẹ bá rí ohun tó ń dán bíi bàbà nínú ìṣẹ́po pépà náà, ẹ má tún tan ọkọ̀ náà mọ́. Ẹ gbé fíltà àti rìsíìtì lọ bá ẹni tó tà á lọ́jọ́ náà gan-an.