Table saw tí mo rà ní ₦350,000, tó di ₦685,000 kó tó la pákó dáadáa

₦350,000 ni mo ra table saw tòkunbọ̀ yìí, ẹ̀rọ onítábìlì tí bíléèdì ń yọ lójú ẹ̀ láti la pákó. Nígbà tó máa fi la pákó àkọ́kọ́ tó wù mí, owó tó ti jáde lápò mi ti di ₦685,000. Inú ṣì ń bí mi, mi ò ní purọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn, torí mo mọ̀ pé káfíńtà tó ń tọ́jú owó láti ra irú ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ báyìí, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì máa bi ẹni tó ń tà á ni "ṣé ó ṣì lágbára?" Ohun tí èmi náà bi í nìyẹn.

Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, wọ́dúróòbù àti kábíńẹ́ẹ̀tì ìdáná ni mo ń ṣe jù. Látìgbà tí mo ti gba fúrídọ̀mù, Bódìjà ni mo ti ń ra pákó, ibẹ̀ náà ni mo ti ń sanwó kí wọ́n bá mi là á. Mi ò bú wọn o, wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n pákó òrùlé ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń là, tí pákó bá fẹ̀ ní íǹṣì 2 lókè tó wá jẹ́ íǹṣì 1¾ nísàlẹ̀, ẹni tó ń kan òrùlé ò ní mọ̀. Èmi tí mo ń ṣe dúrọ́ọ̀ á mọ̀. Mo ṣe dúrọ́ọ̀ 12 fún màmá kan l'Ákóbọ̀, mẹ́rin nínú ẹ̀ há, ẹ fà á títí kò jáde, bẹ́ẹ̀ mo lo tépù, mo lo síkúwẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni mo ṣe, pákó tí wọ́n là fún mi ni ò dọ́gba. Mo tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tún wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, mo máa ra ẹ̀rọ tèmi.

Mo lọ sí Èkó lọ wò ó. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Kékeré kan wà tí èèyàn kan lè gbé, bíléèdì wà lára mọ́tọ̀ ẹ̀ gangan, ó ń lo kábọ̀n, ẹyọ dúdú kékeré tó ń gbé iná wọ inú mọ́tọ̀, bíi dírílì, ariwo ẹ̀ sì pọ̀ débi tí aládùúgbò á fi wá bá yín. Ńlá kan wà tó dà bí kọ́bọ́ọ̀dù onírin, mọ́tọ̀ ẹ̀ wà nínú ikùn ẹ̀, agbára ẹṣin (HP) 3 sókè, ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e, owó ẹ̀ kọjá tèmi. Èyí tó wà láàárín ni mo fẹ́ràn: mọ́tọ̀ ẹ̀ rọ̀ sẹ́yìn, bẹ́líìtì ló fi ń yí bíléèdì, ojú tábìlì ẹ̀ jẹ́ irin dídà tó wúwo. Mo gbé irin gígùn lé e lórí láti igun dé igun, kò sí àlàfo tí bébà lè gbà wọlé. Fẹ́ǹsì ẹ̀, irin gígùn tí pákó ń fara tì bí a ṣe ń là á, lọ tó íǹṣì 30 lápá ọ̀tún, ìyẹn ni pé mo lè la bọ́ọ̀dù ẹsẹ̀ 4 sí méjì láì wá ọgbọ́n míì dá. Bíléèdì íǹṣì 10 ló ń lò, tó bá yọ ọ́ sókè tán, ó máa gé ohun tó nípọn tó íǹṣì 3. Títí dòní mi ò kábàámọ̀ tábìlì yẹn àti fẹ́ǹsì ẹ̀. Ojú mi ríran níbẹ̀. Ibi tí ojú mi ò dé ni bébà kékeré tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tọ̀ ẹ̀.

Ohun tó wà lára bébà yẹn ni 115 V, 60 Hz, 15 A. Mo rí 115, mo sì bèèrè. Ẹni tó ń tà á ní, "Ọ̀gá mi, kékeré nìyẹn, ẹ ra step-down, ó parí." Tiransifọ́mà tó ń sọ iná 220 wa di 110 ló ń jẹ́ step-down. Ó fi tiẹ̀ tan án, bíléèdì yí fíì, inú mi dùn. Mo ní kí n fi la nǹkan, ó ní kò sí pákó nítòsí. Mo gbà fún un! Ilé ìtajà ẹ̀rọ káfíńtà, wọ́n ní kò sí pákó. Ẹ gbọ́, tẹ́ ẹ bá ń lọ ra table saw tòkunbọ̀, ẹ gbé pákó tiyín dání, kó jẹ́ igi líle, apá tàbí ìrókò tó nípọn ní íǹṣì 2, kẹ́ ẹ là á gùn-ún-gùn títí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá níṣojú ẹni tó ń tà á. Tó bá ní rárá, ẹ máa lọ sílé yín. Gbogbo ẹ̀rọ ló ń yí lófìfo.

Mo san ₦25,000 láti gbé e dé Ìbàdàn, mo ra tiransifọ́mà 3,000 W ní ₦95,000. Bí mo ṣe tò ó, mi ò ní sọ ìyẹn, ẹni tó bá lè ṣe wọ́dúróòbù lè to ẹsẹ̀ ẹ̀rọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ mo fi gé MDF, bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi ṣe, ó lọ bí ọ̀bẹ nínú bọ́tà, mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ọjọ́ kejì mo gbé ìrókò lé e. Kò tíì lọ tó ẹsẹ̀ méjì tí ohùn bíléèdì fi yí padà, ó ń rẹlẹ̀ bọ̀, òórùn kan ń jáde bí ìgbà tí rọ́bà ń jóná, bọ́tìnnì pupa kékeré tó wà lára mọ́tọ̀ ta síta, gbogbo ẹ̀ kú. Mo dúró fún ogún ìṣẹ́jú, mo tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó tún tàn, mo la ẹsẹ̀ kan sí i, ó tún kú. Báyìí la ṣe ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú, pákó kan ṣoṣo.

Ó wá di kí n máa wá ohun tó ń ṣe é. Mo kọ́kọ́ ní bíléèdì ni. Mo lọ ra tuntun tó ní eyín 24, torí eyín díẹ̀ ló dáa fún lílà, àwọn tó ní eyín 60 tàbí 80 ti gígé bọ́ọ̀dù ni. Ìyẹn náà ní wàhálà tiẹ̀: irin tí bíléèdì ń wọ̀ lára ẹ̀rọ Amẹ́ríkà jẹ́ ⅝ íǹṣì, bíi mílímítà 16 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ihò mílímítà 30 tàbí 25.4 ló wà lára èyí tí mo rí lọ́jà, àfi kẹ́ ẹ wá òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa dín ihò náà kù, òrùka yẹn sì gbọ́dọ̀ fún dáadáa, tó bá ń mì díẹ̀ báyìí, bíléèdì á máa gbọ̀n. Òun àti òrùka ẹ̀, ₦18,000. Mọ́tọ̀ ṣì kú.

Mo ní iná NẸ́PÀ ló kéré. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n, 190 ni. Ó dáa, mo tan jẹ́ẹ̀nì, jẹ́ẹ̀nì mi jẹ́ 3.5 kVA, bí mo ṣe tẹ ṣíwìṣì ló hó gọ̀ọ́, gílóòbù fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, torí irú mọ́tọ̀ yìí tó bá fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, iná tó ń fà máa ń tó ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́fà èyí tó ń lò tó bá ti ń yí. Ó gbéra ṣá, ṣùgbọ́n ó tún kú nínú ìrókò. Mo ní wáyà ni. Òótọ́ ni pé wáyà 1.5 ni wọ́n fà wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ti gílóòbù nìyẹn, kò yẹ kí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lórí ẹ̀. Mo fa 4 mm láti ibi mítà, ₦38,000. Owó yẹn ò dùn mí, ó yẹ kí n ti ṣe é tipẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tọ̀ yẹn ṣì ń kú o, ọ̀sẹ̀ kejì ti ń parí lọ, màmá oníbàárà mi míì ń pè mí láràárọ̀, "Ọmọ mi, ṣé o ò ní tàn mí báyìí?" Èmi náà á ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, lọ́sẹ̀ yìí ni." Èmi kì í yẹ àdéhùn. Ìyẹn gan-an ló dùn mí ju owó lọ.

Bí eré bí àwàdà, lọ́jọ́ Ẹtì kan èéfín jáde, bọ́tìnnì pupa ò tiẹ̀ ta mọ́. Ó jóná.

Mo tú mọ́tọ̀ náà, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń rìwáyà, àgbàlagbà ni, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ yẹn kí wọ́n tó bí mi. Wọn ò tíì tú u tí wọ́n fi ka bébà ara ẹ̀, wọ́n bojú wò mí. "Káfíńtà, ta ló ní kó o máa fi èyí ṣiṣẹ́ níbí?" Mo ní mo ra step-down sí i, Bàbá. Wọ́n fi ìka lé 60 Hz. "Èyí ńkọ́?"

Wọ́n wá là á yé mi. Iná tiwa níbí, ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Amẹ́ríkà ìgbà 60. Tiransifọ́mà lè sọ 220 di 110, kò lè sọ 50 di 60 láéláé. Mọ́tọ̀ tí kò ní kábọ̀n, ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ yẹn ló ń tẹ̀ lé: èyí tó yẹ kó yí 3,450 ní ìṣẹ́jú kan, tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, nǹkan bí 2,875 ló máa yí. Bíléèdì ti dẹ̀ nìyẹn. Èyí tó burú jù ni pé irin inú ẹ̀ á máa fa iná ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, á máa gbóná kódà tí kò bá la nǹkan kan. Wọ́n ní òórùn tí mò ń gbọ́ yẹn, wáyà ló ń yan nínú ẹ̀. Tí mo bá fẹ́ kó tutù, 100 V ló yẹ kí n máa fún un, kí n sì fara mọ́ ọn pé agbára ẹ̀ á dín kù. Mo fi ìka àbámọ̀ bọnu. Nọ́ńbà 60 yẹn wà níbẹ̀ látọjọ́ tí mo rà á, mo kà á, mi ò bèèrè. Àwọn kékeré oníkábọ̀n tí mo fojú di, kò sí èyí tó kàn wọ́n nínú 50 tàbí 60, step-down nìkan ti tó fún wọn.

Bàbá ní àwọn lè rìwáyà ẹ̀ sí 220, ṣùgbọ́n irin inú ẹ̀ ti gbóná kọjá ààlà, kí n má fowó ṣòfò. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ra mọ́tọ̀ tuntun, agbára ẹṣin 2, 220 V, 50 Hz, 2,850 ló ń yí, ₦130,000. Ẹ wá wò ó, torí pé bẹ́líìtì ni ẹ̀rọ mi ń lò ni mo fi lè pààrọ̀ mọ́tọ̀. Ká ní kékeré tí bíléèdì wà lára mọ́tọ̀ ni, ó ti di irin àlòkù nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kò wọlé bẹ́ẹ̀. Irin tó jáde lẹ́nu mọ́tọ̀ tuntun jẹ́ mílímítà 24, ti Amẹ́ríkà bíi 16. Púlì àtijọ́, ìyẹn irin róbótó tí bẹ́líìtì wà lára ẹ̀, ò wọ̀ ọ́, mi ò sì fẹ́ kó wọ̀ ọ́ náà, torí mo ti ṣírò ẹ̀: 3,450 pín sí 2,850 jẹ́ 1.2 àti díẹ̀, púlì àtijọ́ fẹ̀ ní íǹṣì 2½, tí mo bá fi 1.2 lu ú, íǹṣì 3 nìyẹn. Púlì íǹṣì 3 ló máa dá eré bíléèdì padà síbi tó yẹ kó wà. Orí mi wú nígbà tí tọ́nà tó máa lu ihò ẹ̀ bi mí pé ta ló ṣírò ẹ̀ fún mi, mo ní èmi ni. Púlì ₦9,000, tọ́nà ₦12,000. Ihò bóòtì ẹsẹ̀ mọ́tọ̀ náà ò bára mu, wẹ́dà jó irin pẹlẹbẹ kan sí i, ₦8,000.

A tò ó tán, mo tan án, bíléèdì ń yí sẹ́yìn! Eyín tó yẹ kó máa kọjú bọ̀ sọ́dọ̀ mi lókè ń sá lọ. Mo yára pa á, torí nọ́ọ̀tì tó di bíléèdì mú lè tú tó bá ń yí bẹ́ẹ̀. Mo pe Bàbá lórí fóònù, wọ́n ní kí n ṣí àpótí wáyà, kí n pààrọ̀ ojú wáyà méjì tí wọ́n fi ń gbé mọ́tọ̀ dìde. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó yí síwájú.

Nǹkan kan ṣì wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. Ẹni tó tà á ti yọ irin pẹlẹbẹ tó máa ń dúró lẹ́yìn bíléèdì, èyí tí kì í jẹ́ kí pákó tí a là pa dé mọ́ bíléèdì. Mi ò kà á sí. Ìdí fẹ́ǹsì mi sì sún mọ́ bíléèdì ju iwájú ẹ̀ lọ, pákó há sáàárín, ó ta padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ iṣẹ́ mi kọjá, ó ṣe ihò sára ilẹ̀kùn. Ọlọ́run ló yọ wá. Ẹ máa sàmì sí eyín kan, kẹ́ ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín òun àti fẹ́ǹsì nígbà tó wà níwájú, kẹ́ ẹ yí i sẹ́yìn, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Mo ti ṣe irin pẹlẹbẹ tèmi báyìí. SawStop tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà láti 2004, tó ń dá bíléèdì dúró tó bá kan ìka, ó wù mí gan-an, ṣùgbọ́n omi inú igi tútù lè tàn án jẹ kó dúró lójijì, ọ̀pọ̀ pákó tá à ń rà sì tutù, bó bá sì ti dúró bẹ́ẹ̀, ẹ máa ra bíréèkì ẹ̀ àti bíléèdì tuntun.

Ìrókò tó pa mọ́tọ̀ àkọ́kọ́, mo là á tán láàárọ̀ ọjọ́ kan. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, íǹṣì 2 géérégé. Kábíńẹ́ẹ̀tì màmá tó ń pè mí láràárọ̀ yẹn lọ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìdádúró, dúrọ́ọ̀ 9 ló wà níbẹ̀, màmá fi ìka kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé, wọn ò bínú mọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo rí table saw tuntun oní 220 V, 50 Hz, nílé ìtajà kan ní ₦540,000, pẹ̀lú bíléèdì ẹ̀.

Tiransifọ́mà 3,000 W ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi. Ẹni tó bá fẹ́ rà á fún ẹ̀rọ oníkábọ̀n, mo máa tà á fún un. Tó bá jẹ́ mọ́tọ̀ oní 60 Hz ló fẹ́ fi gbé, mi ò ní tà á.