Bí A Ṣe Ń Fọ Eyín Ológbò Nílé Láìsí Ìjà

Ìró kan ló jẹ́ kí n kọ́ iṣẹ́ yìí. Ṣọ́lé, ológbò wa ní Kubwa l'Abuja, ń jẹun lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sì ń gbọ́ bí hóró oúnjẹ ṣe ń já bọ́ padà sínú abọ́ rẹ̀: kó, kó, kó. Á gbé e sẹ́nu, á fi orí sápá kan, á tún jù ú sílẹ̀. Mo rò pé ó ti yó ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni dókítà ẹranko gbé ètè rẹ̀ sókè hàn mí: ìdọ̀tí aláwọ̀ búráùn ti gan mọ́ eyín ẹ̀yìn rẹ̀ bí èérí ìdí ìkòkò, ẹran ìdí eyín sì ti pupa fòò. Eyín méjì ni wọ́n yọ. Ní gbogbo ìgbà tí eyín ọ̀hún ń ro ó, ó ń pa eku, ó ń wá sùn sórí ẹsẹ̀ mi, kò ké rárá. Ológbò máa ń fi ìrora pamọ́, àwa tí a ń sìn ín ni a gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹnu rẹ̀ wò.

Ológbò tó ti dàgbà ní eyín 30. Ti ọmọ ológbò jẹ́ 26, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ wọn ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, títí tí yóò fi tó oṣù mẹ́fà tàbí méje. Lójoojúmọ́ ni nǹkan kan tó ń yọ̀, tí kòkòrò àìfojúrí kún inú rẹ̀, máa ń bo eyín. Bí a kò bá nù ún kúrò, èròjà tó wà nínú itọ́ á mú un le láàárín ọjọ́ mélòó kan, á sì di bí òkúta. Búrọ́ọ̀ṣì lè nu èyí tó ṣì ń yọ̀, àmọ́ kò sí bí ẹ ṣe lè fọ̀ ọ́ tó tí èyí tó ti di òkúta yóò ṣí. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí fífọ eyín jẹ́ ojoojúmọ́. Bí iṣẹ́ kò bá gbà yín láyè, ẹ má jẹ́ kó dín sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò gbé ètè rẹ̀ sókè díẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, láìla ẹnu rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ológbò, ẹran ìdí eyín tó dá ṣáṣá máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí ẹ bá rí i pé ó pọ́n yí eyín ká bí ẹni fi tìróò pupa fà á, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí eyín ń mì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tàbí tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú ha ẹnu, ẹ má tíì fọ̀ ọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá kan ojú egbò lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti di ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn. Ní ti òórùn ẹnu, àwọn èèyàn máa ń sọ pé ẹja ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Òórùn ẹja kì í pẹ́ lọ. Èyí tó bá ń rùn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, àìsàn ni.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ọmọ ọwọ́ tí irun rẹ̀ rọ̀, tí orí rẹ̀ kéré, ti tó. Ọṣẹ ìfọyín ti ológbò wà, tí wọ́n fi adùn adìyẹ tàbí ẹja sí. Ẹ lè béèrè rẹ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta nǹkan ẹran ọ̀sìn ní Wuse 2 tàbí Gwarinpa. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má dààmú. Irun búrọ́ọ̀ṣì tó ń ra eyín ló ń ṣe iṣẹ́, adùn ni ọṣẹ náà fi ń ràn án lọ́wọ́ jù. Omi ẹja tí a sè láìsí iyọ̀, ata, Maggi tàbí àlùbọ́sà ni èmi fi bẹ̀rẹ̀. Májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ológbò, nítorí náà ẹ má bu omi ọbẹ̀ ilé fún un.

Ọṣẹ ìfọyín tiwa kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu rẹ̀, torí kò mọ bí a ṣe ń tu u dànù. Gbígbé ni yóò gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ náà ni iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́, eérú àti kànáfùrù tí a fi ń tọ́jú eyín tiwa. Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá tiẹ̀ rí i pé eyín ń ro ó, ẹ má fún un ní paracetamol. Ara ológbò kò lè fọ́ oògùn yẹn túútúú bíi tiwa. Hóró kan ṣoṣo lè pa á.

Ó wá ku iṣẹ́ gan-an. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ sì ni búrọ́ọ̀ṣì ṣe gbọ́dọ̀ wọ ẹnu ológbò. Oṣù kan ni mo fi kọ́ Ṣọ́lé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ lásán ni: mo ń fi ìka pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lára, mo ń gbé ètè rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì ń fún un ní pánla bíńtín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ń ti ìka bọ omi ẹja kí n tó fi kan eyín iwájú àti eyín ṣóńṣó rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wé báńdéèjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ìka, mo fi ń ra eyín ẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni búrọ́ọ̀ṣì dé. Àwọn ológbò kan á yára jù bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn á gba oṣù méjì. Tí ọmọ ológbò bá ń pààrọ̀ eyín lọ́wọ́, ẹnu máa ń dùn ún, ẹ rọra ṣe é.

Bí mo ṣe ń jókòó rèé: orí ẹní, ẹ̀yìn mi á fara ti ògiri, Ṣọ́lé á wà láàárín itan mi, yóò kọ ẹ̀yìn sí mi. Ọwọ́ òsì mi á wà lórí rẹ̀, àtàǹpàkò á gbé ètè. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Mo ń ti búrọ́ọ̀ṣì gba àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín, mo ń fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí irun rẹ̀ kan ibi tí eyín ti wọnú ẹran, mo sì ń yí i róbótó-róbótó. Eyín ẹ̀yìn lókè ni mo ń kọ́kọ́ fọ̀, torí ibẹ̀ ni itọ́ ti ń jáde, ibẹ̀ ni òkúta sì ń tètè gan sí. Ìṣẹ́jú àáyá 15 fún ẹ̀gbẹ́ kan ti tó. Ẹ̀gbẹ́ eyín tó kọjú sí ahọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ nílò fífọ̀. Ahọ́n rẹ̀ tó rí hárahàra ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ mi ló máa ń ṣọ́ ìrù Ṣọ́lé fún mi, torí ìrù tó ń lu ilẹ̀ ló ń sọ pé inú ti ń bí i. Bó bá ti pè pé, "Mọ́mì, ìrù ti ń lu ilẹ̀ o," mo dáwọ́ dúró nìyẹn, kódà bó ku ẹ̀gbẹ́ kan. Kí a jáwọ́ sàn ju kí a fipá dì í mú.

Bó bá bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn, torí àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan. Ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kọjá àsìkò.

Hájíà tí a jọ ń gbé kọ́mpáǹdù fẹ́ràn Ṣọ́lé gan-an. "Mage, mage," ló fi ń pè é, egungun adìyẹ ló sì ń gbé wá fún un, pé yóò fọ eyín rẹ̀ mọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé egungun tí a ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó, ó lè gún ọ̀nà ọ̀fun, ó sì lè kán eyín. Ẹran adìyẹ tí kò ní ata ló ń gbé wá báyìí, Ọlọ́run á san án fún un.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì ìlú Abuja wà ní Gwagwalada, ti Yunifásítì Ahmadu Bello sì wà ní Zaria fún ẹ̀yin tó wà lápá Kaduna. Bí òkúta bá ti gan, abẹ́rẹ́ oorun ni wọn yóò fi mú un sùn kí wọ́n tó ha á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èékánná tàbí ọ̀bẹ ha á nílé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ìgbà tó yẹ kí oúnjẹ dúró ṣáájú ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá yọ eyín, oúnjẹ rírọ̀ ni kó máa jẹ, kí búrọ́ọ̀ṣì sì dúró títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Nígbà tí wọ́n yọ̀ǹda fún wa, mi ò bẹ̀rẹ̀ láti ibi búrọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ lásán ni mo tún fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú pánla bíńtín.