Ẹ yé fowó ra ariwo: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí power supply rédíò ham

Inú máa ń bí mi tí mo bá rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lásẹ́ǹsì ham (ti àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn), tó kó owó gidi lé rédíò HF, èyí tó ń bá ibi jíjìn sọ̀rọ̀, tó wá ń náwó kiri nítorí pé power supply (ẹ̀rọ tó ń sọ iná ilé di 13.8 volt fún rédíò) tí kò dáa ló rà. Ẹ gbọ́ àwọn ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe.

1. Ẹ má gba nọ́ńbà gàdàgbà ara páálí gbọ́. Rédíò 100 watt máa ń fa nǹkan bí 20 sí 22 amp lórí 13.8 volt tó bá ń fọhùn jáde. Ẹ rí "30A", ẹ sanwó. 30 yẹn lè jẹ́ èyí tó lè gbé fún ìgbà díẹ̀ péré. Èyí tó lè gbé láìsinmi wà nísàlẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní. Ẹni tó ń fẹnu sọ̀rọ̀ lórí SSB, ọ̀nà tí a fi ń gbé ohùn jáde, lè mú un jẹ, torí ohùn èèyàn máa ń lọ sókè sódò. FT8, tó ń fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́, kò mọ bẹ́ẹ̀: nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 13 nínú 15 ló fi ń tú agbára kan náà jáde. Ẹ wá èyí tó lè gbé 25 amp láìsinmi.

2. Ṣájà bátìrì mọ́tò kì í ṣe power supply.

3. Ariwo. Ibí yìí ló ń dùn mí jù. Oríṣi power supply méjì ló wà. Linear, tó ní transformer ńlá, wúwo bí ọlọ, ṣùgbọ́n jẹ́ẹ́ ló ń ṣe. Switching, tó ń tan iná, tó ń pa á kíákíá, fúyẹ́, ó sì dáa bí ẹni tó ṣe é bá fi fílítà tó péye sí i. Ṣùgbọ́n ti iná LED àti kámẹ́rà CCTV, onípáànù olójú wẹ́wẹ́ tó kún Alaba yẹn, fílítà ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó nǹkan. Iná mànàmáná inú power supply yẹn ń wá, ó ń lọ, ju ìgbà 20,000 lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ariwo rẹ̀ á sì gba ara wáyà wọ rédíò.

Bọ̀ọ̀dá kan n'Ìbàdàn pè mí pé òun kò gbọ́ ẹnikẹ́ni lórí 40 mítà, ọ̀kan lára àwọn ìgbì tí ham ń lò. Wọ́n ti ra coax (wáyà áńténà) tuntun, wọ́n ti gbé áńténà ga sí i, wọ́n ń bá aládùúgbò jà nítorí jẹnẹrétọ̀. Mítà tó ń wọn agbára ohun tí rédíò wọn ń gbọ́ dúró lórí S7, kò sì sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. A so rédíò mọ́ bátìrì, a fa power supply yọ lára iná, mítà já sí S2. Owó coax ti lọ! Ẹ jọ̀ọ́, àyẹ̀wò yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Tí ariwo kò bá lọ, ẹ pa inverter àti ṣájà sólà náà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Linear náà ní tirẹ̀ o. Tí iná NEPA bá wálẹ̀ dé 160 volt, kò ní lè dé 13.8 mọ́, ohùn yín á sì máa kùn létí ẹni tó ń gbọ́ yín. Ọ̀pọ̀ switching tó dáa máa ń gba 100 títí dé 240. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀.

Wáyà tín-ín-rín ńkọ́? Tí 20 amp bá ń gba inú wáyà 2.5 mm² tó gùn ní mítà 3, nǹkan bí 0.9 volt á ti ṣòfò sójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ rédíò kò sì fẹ́ kó wálẹ̀ ju 11.7 lọ, nítorí náà bátìrì tó ku 12.4 kò ní gbé yín débì kan. 6 mm² ni kí ẹ rà, kí ẹ sì gé e kúrú.

Ẹ má fi wáyà dípò fíúsì láé.

Tó bá jẹ́ linear àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ mọ̀ pé bí transistor inú rẹ̀ bá jóná, ohun tó ju 20 volt lọ lè wọ inú rédíò yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ní ohun tó ń gé iná nígbà tí volt bá ga jù. Bí kò bá lè fi hàn yín, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.